Ta Ni Yóò Sùn Pẹ̀lú Ta? Ìtàn Yàrá Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Gbogbo wa la mọ àwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn: ohun tí mo rà, ohun tí wọ́n gbé wá fún mi. Aṣọ tó ń dán gbinrin nínú fọ́tò, tó wá jọ kọ́tìnnì nígbà tó délé. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá irú àpárá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1842, orí yàrá inú ọkọ̀ ojú omi ló sì ti dá a. Òun àti Catherine ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Amẹ́ríkà. Liverpool ni wọ́n ti wọ Britannia, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Cunard, ní oṣù kìíní ọdún náà. Kí wọ́n tó lọ ni wọ́n ti rí àwòrán inú ọkọ̀ ní ọ́fíìsì kan ní London, gbogbo rẹ̀ fẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tóóró ni wọ́n bá, tìmùtìmù pẹlẹbẹ, nínú yàrá tí àpótí ẹrù wọn ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Dickens ò panu mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ American Notes, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Pé yàrá ọkọ̀ kéré kọ́ ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé ẹni tó ya pílánì ọkọ̀ ti pinnu, kí èrò kankan tó wọlé, ẹni tó yẹ kó sùn nítòsí ẹni, ẹni tí ògiri yóò là kúrò lára ẹni, àti iye èèyàn tí a lè pè ní ẹbí kan. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti London ti ń kó ẹbí wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ báyìí, pàápàá tí Màmá bá pé àádọ́rin ọdún. Wọ́n á jókòó yí fóònù ká, wọ́n á máa jiyàn lórí yàrá tí wọ́n máa gbà. Iyàn yẹn ní ìtàn lẹ́yìn.

Apá kan ìtàn náà burú, a ò sì lè fò ó. Ní Liverpool kan náà ni wọ́n ti kan ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Brookes ní ọdún 1781. Ọkọ̀ ẹrú ni. Ní 1788, àwọn tó ń jà kí òwò ẹrú dópin tẹ pílánì inú rẹ̀ jáde fún aráyé rí: ara èèyàn tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ẹja inú páànù, àwọn ọkùnrin lápá kan, àwọn ọmọkùnrin lápá kan, àwọn obìnrin lápá mìíràn. Àyè tí wọ́n wọ̀n fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti ínǹṣì 16 ní ìbú. Òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún yẹn ní kó má kó ju èèyàn 454 lọ. Kí òfin tó dé, ó ti kó ju 600 lọ rí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia àti Cuba. Nínú pílánì yẹn, kò sí tọkọtaya, kò sí ìyá pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Kò sí ẹni tó yan nǹkan kan níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ àwọn tó sanwó wọlé.

Titanic ni gbogbo ayé mọ̀, fíìmù sì ti jẹ́ ká rò pé kò sí ohun tó kù láti mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ náà kúrò ní Southampton ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1912. Ẹ fi ìfẹ́ Jack àti Rose sílẹ̀ ná, ẹ wo bí wọ́n ṣe pín yàrá. Ní ipò kẹta, ibi tí àwọn tálákà tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà wà, yàrá ẹni méjì wà, ti ẹni mẹ́rin wà, títí dé ti ẹni mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti gbé fésì-mí-n-fésì-ẹ ní Mushin rí á mọ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, ariwo ọmọ láàárín. Èrò ipò kẹta lé ní 700, ọpọ́n ìwẹ̀ méjì péré ló wà fún gbogbo wọn. (Onílé Mushin gan-an á tijú.)

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn ọkùnrin tí kò ní ìyàwó ni wọ́n kó sí iwájú ọkọ̀. Àwọn ẹbí àti àwọn obìnrin tí kò ní ọkọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n kó wọn sí. Wọ́n ní kí ìwà ìbàjẹ́ má baà wọ inú ọkọ̀ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Àmọ́ tí ìyá kan bá ń mú ọmọkùnrin ogún ọdún lọ, iwájú lọmọ yóò sùn, ẹ̀yìn ni ìyá yóò sùn, ọkọ̀ náà sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 882. Ọ̀nà gbọọrọ kan ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sọ ọ́ ní Scotland Road, orúkọ àdúgbò kan ní Liverpool. Lálẹ́ ọjọ́ 14, nígbà tí ọkọ̀ forí gbá òkè yìnyín, apá iwájú ni omi kọ́kọ́ wọ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n gba Scotland Road lọ sẹ́yìn níbi tí àwọn tó kù wà.

Nínú ọmọdé 79 tó wà ní ipò kẹta, 27 ló yè. A ò sọ pé pílánì yàrá nìkan ló pa àwọn tó kù. Ọkọ̀ kékeré agbẹ̀mílà ò tó, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n sì wà, nítòsí àwọn ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn sùn ló pinnu bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe jìn tó.

Ní ipò kìíní, nǹkan yàtọ̀. Àwọn yàrá kan ní ilẹ̀kùn láàárín ara wọn, tó fi jẹ́ pé olówó lè so yàrá méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, òun, ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹbí Allison láti Montreal ní Kánádà wà lára irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀: Hudson, ìyàwó rẹ̀ Bess, Loraine ọmọ ọdún méjì, àti Trevor tí kò tíì pé ọdún kan. Yàrá tó sún mọ́ra ni wọ́n gbà, Trevor sì wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ọmọ. Nígbà tí ariwo ta, olùtọ́jú náà gbé Trevor, ó sì bá a wọ ọkọ̀ agbẹ̀mílà. Ìtàn tí wọ́n sábà ń sọ ni pé ìyá àti bàbá ò mọ̀ pé ọmọ ti lọ, pé wọ́n ń wá a kiri, wọn ò sì gbà láti kúrò láìrí i. Trevor yè. Hudson, Bess àti Loraine kú. Loraine nìkan ni ọmọdé ipò kìíní tó bá ìjàǹbá náà lọ. A ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kì í rọrùn láti kà.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1921 àti 1924 láti dín iye àwọn tó ń ṣí wọ̀lú kù. Bẹ́ẹ̀dì ipò kẹta wá ṣófo. Kí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe? Wọ́n kun ibẹ̀ lọ́dà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tuntun, wọ́n sì ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà tó fẹ́ rí Yúróòpù nígbà ìsinmi. Inú ọkọ̀ kan náà, ìsàlẹ̀ kan náà. Ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn ló yí padà.

Tiwa ńkọ́? Láti 1852 ni iléeṣẹ́ tí Macgregor Laird dá sílẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ gbé lẹ́tà àti èrò láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ jù ni Aureol, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Orí òkè kan ní Freetown ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Láti Liverpool dé Èkó máa ń tó ọjọ́ 13, wọ́n á yà ní Las Palmas, Freetown àti Takoradi. Ó ń gba èrò tó lé díẹ̀ ní 350, ipò kìíní ló sì ní ibùsùn tó pọ̀ jù. Ẹ ò rí i pé pílánì ti sọ̀rọ̀? Òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sílé fún ìsinmi, tó ń mú ìyàwó bọ̀, ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn yàrá díẹ̀ tún wà tí wọ́n lè fi kún ipò èyíkéyìí, bí ọjà bá ṣe rí.

Àmọ́ láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pọ̀ sí i nínú irú ọkọ̀ yìí. Àwọn kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ló dáwó jọ rán wọn lọ. Ẹni tó bá dá wọkọ̀ ní ipò olówó pọ́ọ́kú lè bá àlejò pín yàrá, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Àlejò tí ẹ bá jọ bì nígbà tí omi Biscay ń jà, tí ẹ jọ pín dígí àti ọṣẹ fún odindi ọjọ́ 13, kì í ṣe àlejò mọ́ tẹ́ ẹ bá fi dé Liverpool. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín bá lọ kàwé nígbà yẹn, ẹ lọ bi wọ́n ta ló sùn sí bẹ́ẹ̀dì òkè. Ẹ máa gbọ́ ìtàn. Ní 1972 Aureol fi Liverpool sílẹ̀ lọ sí Southampton, nígbà tó di 1974 ó parí. Ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò tán.

Bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó kù wá sọ ìrìnàjò fúnra rẹ̀ di ọjà. Ọkọ̀ France, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962 pẹ̀lú ipò méjì, padà di Norway ní 1980, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí gbogbo èrò lè rìn káàkiri inú rẹ̀. Ipò kìíní àti ìkẹta lọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: fèrèsé ló gba ipò wọn. Yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé, èyí tó ní fèrèsé, èyí tó ní bákónì, èyí tó dà bí fúláàtì. Iye tẹ́ ẹ bá san ni ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí.

Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé pílánì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú èrò. Disney Magic, 1998: nínú ọ̀pọ̀ yàrá, wọ́n ya tọ́ílẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lára balùwẹ̀, kí ọmọ kan lè máa wẹ̀ nígbà tí èkejì ń fọ eyín. Ẹni tó bá dàgbà nílé elérò púpọ̀ mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Norwegian Epic, 2010: yàrá 128 fún ẹni tó dá rìn, pẹ̀lú yàrá ìgbàlejò tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni kan ṣoṣo sábà máa ń san owó èèyàn méjì, títí di òní lọ́pọ̀ ọkọ̀. Icon of the Seas, 2024: èèyàn 5,610 ni bí a bá ka ẹni méjì sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó 7,600. Àwọn tó lé yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n ń sùn: àga tí a nà di ibùsùn, tàbí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fà sílẹ̀ láti ara ògiri lálẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká padà sórí iyàn Houston. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án: Màmá, tọkọtaya méjì, ọmọ mẹ́ta, àti Àǹtí kan tó dá wà. Wọ́n fẹ́ wọkọ̀ ní Galveston. Èyí tó lówó lọ́wọ́ nínú wọn á ní ká gba fúláàtì ńlá kan, kí gbogbo wa wà níbẹ̀. Àwa ò fara mọ́ ọn. Ẹ rántí agbo-ilé: gbogbo ẹbí wà lójú kan, àmọ́ oníyàrá ní yàrá rẹ̀. Yàrá méjì tó ní ilẹ̀kùn láàárín ló sún mọ́ agbo-ilé jù: òbí níhìn-ín, ọmọ lọ́hùn-ún, a ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá yẹ. Kí wọ́n bèèrè dáadáa o, torí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè má ní ilẹ̀kùn láàárín. Nọ́ńbà tó tẹ̀léra gan-an lè tanni jẹ, nítorí lọ́pọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà kan wà lápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé e wà lápá òsì. Pílánì ni kí wọ́n wò, kì í ṣe fọ́tò. Dickens ti jìyà ìyẹn fún wa.

Ti Màmá, àárín ọkọ̀, àjà ìsàlẹ̀, ibi tí ìgbì kì í ti fi bẹ́ẹ̀ mi ọkọ̀, nítòsí lífítì, kó má sì wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó. Kí Àǹtí bá a sùn bí wọ́n bá rẹ́. Bí wọn ò bá rẹ́, kí ẹbí dáwó yàrá Àǹtí. Àti tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó ní iléeṣẹ́ á yan yàrá fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó dá rìn. Ẹbí mẹ́sàn-án tó gbà á lè bá ara wọn lórí àjà mẹ́ta.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀dì kẹta wà nínú yàrá, síbẹ̀ kí iléeṣẹ́ kọ̀ láti tà á, torí pé iye èèyàn tí ọkọ̀ agbẹ̀mílà apá ibẹ̀ lè gbé ti pé. Yàrá tẹ́ ẹ sùn ló sábà máa ń pinnu ibi tẹ́ ẹ máa péjọ sí bí aago ewu bá dún. Ẹbí tó pín sí apá méjì lè ní ibi ìpéjọ méjì, kí wọ́n sì bèèrè ìyẹn kí wọ́n tó sanwó. Ní ti àwọn ọmọdé, lọ́pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lónìí, wọ́n máa ń so ọ̀já kékeré kan mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi ìpéjọ ọmọ náà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè mọ ibi tó máa gbé e lọ bá àwọn òbí rẹ̀.