Oró aláǹtakùn tó rin ìrìn-àjò láti Ọsirélíà dé Burkina Faso

Ẹ̀yin tèmi, ṣé ẹ mọ̀ pé aláǹtakùn wà lára àwọn tó ń bá wa bá ibà jà? Kì í ṣe èyí tó ta òwú sí igun àjà yín ni mò ń sọ o. Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti Ọsirélíà, ó sì dé tòsí wa níhìn-ín. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Aláǹtakùn kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní funnel-web. Ó dúdú minimini, inú ihò ló ń gbé. Irú rẹ̀ tó wà ní agbègbè Sydney ti pa èèyàn 13 tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí dókítà Struan Sutherland àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tó rí ẹ̀rọ̀ oró náà ṣe. Ọdún 1981 ni ẹ̀rọ̀ yẹn jáde. Láti ìgbà náà, a ò gbọ́ pé ó pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rù rẹ̀ dín kù, àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú oró yẹn dáadáa. Wọ́n rí i pé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Oríṣiríṣi èròjà ni, àwọn kan nínú wọn ò sì kan èèyàn rárá, kòkòrò ni wọ́n wà fún. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Kòkòrò ni aláǹtakùn ń jẹ, kì í jẹ èèyàn. Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde lórí ọ̀kan nínú èròjà yìí, látinú oró ìbátan funnel-web tó ń gbé lórí òkè Blue Mountains. Ó máa ń dí ojú ọ̀nà tí calcium ń gbà wọ inú iṣan kòkòrò. Kòkòrò náà á rọ, kò ní lè mira mọ́, á kú.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Command ni mò ń gbé. Lásìkò òjò, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé yànmùyánmú fún ará Alimosho. Omi á dúró sínú kòtò ojú títì, tanwíji á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ bíi pé wọ́n sanwó ilé. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn wà o, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn inú rẹ̀ ò mú ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn mọ́, ó ti mọ́ wọn lára. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ibà ń pa lágbàáyé, bíi mẹ́ta ló ń kú ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù.

Ibí ni Burkina Faso ti wọlé. Ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera IRSS ní Bobo-Dioulasso, Abdoulaye Diabaté àti Etienne Bilgo da ọwọ́ pọ̀ mọ́ Raymond St. Leger àti Brian Lovett ti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà. Fungus kan wà tó ti ń pa ẹ̀fọn tẹ́lẹ̀, Metarhizium lorúkọ ẹ̀. (Ẹ rántí nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bu. Ẹbí ni wọ́n.) Ó ń pa ẹ̀fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ jù. Ni wọ́n bá ki jíìnì oró aláǹtakùn sínú rẹ̀.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí: wọ́n ṣe é débi pé fungus náà ò ní í pèsè oró àyàfi tó bá kan ẹ̀jẹ̀ kòkòrò. Tó bá wà lára ògiri, jẹ́jẹ́ ló wà. Tó bá gun ara ẹ̀fọn, tó lu awọ rẹ̀ wọlé, ìgbà náà niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Wọn ò kàn tú u sílẹ̀ o. Ní abúlé Soumousso, wọ́n kọ́ ilé ńlá kan tí nẹ́ẹ̀tì yí ká, wọ́n ń pè é ní MosquitoSphere. Ewéko wà níbẹ̀, ahéré wà, omi wà, kó lè dà bí abúlé gidi. Wọ́n lo yàrá mẹ́ta, wọ́n kó akọ ẹ̀fọn 1,000 àti abo 500 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú ẹ̀fọn tí oògùn nẹ́ẹ̀tì ò mú mọ́. Wọ́n wá ta aṣọ dúdú síbẹ̀, torí ẹ̀fọn tó ti mẹ̀jẹ̀ yó fẹ́ràn láti lọ sinmi níbi tó ṣókùnkùn. Òróró yanmọtí lásán ni wọ́n fi pa aṣọ yàrá kan. Wọ́n po fungus lásán mọ́ òróró ti ìkejì, wọ́n sì po fungus aláǹtakùn mọ́ ti ìkẹta.

Lẹ́yìn ọjọ́ 45, wọ́n kà wọ́n. Yàrá òróró lásán: ẹ̀fọn 1,396. Yàrá fungus lásán: 455. Yàrá fungus aláǹtakùn: 13.

Ẹ tún un kà. Mẹ́tàlá! Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní oṣù karùn-ún 2019. Wọ́n sì ti dán fungus náà wò lára kòkòrò oyin, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n inú nẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ìta ló le. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba ológun Burkina Faso pàṣẹ pé kí iṣẹ́ Target Malaria dúró. Iṣẹ́ yẹn yàtọ̀ sí ti aláǹtakùn, ẹ̀fọn gan-an ni wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà níbẹ̀, àmọ́ Diabaté yìí kan náà ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sì ní pè wọ́n ní òpè. Àwọn ará Kano ò tíì gbàgbé ọdún 1996 tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé, tí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ohun tó jẹ́ kí ti Soumousso wù mí ni pé ọmọ ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n sé ẹ̀fọn mọ́lé kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n sì gbé iye tí wọ́n kà síta kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé irú aṣọ dúdú yẹn kọ́ sínú yàrá yín lọ́la, ṣé ẹ máa gbà? Èmi á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí màá pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti bóyá ẹni náà ń gbé Nàìjíríà.