HOPL: Níbi Tí Àwọn Tó Dá Èdè Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀ Ti Ń Sọ Tẹnu Wọn

Ọ̀rọ̀ àpérò kan ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ àpérò yìí, àwọn kan ti fẹ́ fò ó kọjá. Ẹ ní sùúrù. Láti 1978 títí di ìsinsìnyí, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ẹ̀yọ̀ Èkó kì í jáde lọ́dọọdún. Ti àpérò yìí tún le ju ti Ẹ̀yọ̀ lọ: ó máa ń tó ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọ̀kan tó tẹ̀lé èkejì.

Orúkọ rẹ̀ ni History of Programming Languages. HOPL ni wọ́n ń pè é ní ṣókí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé dání: ó ń pe àwọn tó dá èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tí kò kọ kóòdù rí, èdè kọ̀ǹpútà ni èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Áàpù báńkì tó wà lórí fóònù yín, géèmù tí àbúrò yín kò fẹ́ gbé sílẹ̀, ojú ewé tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí rẹ̀, irú èdè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Èdè wọ̀nyí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ènìyàn ló ṣe wọ́n, ènìyàn sì ń kú.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jean Sammet ló léwájú àpérò àkọ́kọ́. 1928 ni wọ́n bí i. Ó wà lára àwọn mẹ́fà tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ COBOL ní 1959, ó tẹ ìwé gbàǹgbà kan jáde lórí ìtàn àwọn èdè kọ̀ǹpútà ní 1969, nígbà tó sì di 1974, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó mọ inú ọ̀rọ̀ náà ni, kì í ṣe ẹni tó ń yọjú láti ojú fèrèsé.

Wọ́n ṣe é ní Los Angeles, láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1978. Kì í ṣe gbogbo èdè ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Èdè náà gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1967, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣì máa lò ó ní 1977, ó sì gbọ́dọ̀ ti yí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà padà. Mẹ́tàlá ló yege: FORTRAN, COBOL, ALGOL, LISP, BASIC, SIMULA àti àwọn méje mìíràn.

Grace Hopper ló sọ̀rọ̀ ìṣíde, obìnrin ọmọ ogun ojú omi tó ti ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní nǹkan bí 1952 pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè bá ènìyàn kọ nínú iṣẹ́ ìṣètò, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìṣirò nìkan ni ẹ̀rọ lè ṣe. Títí di òní, ẹ ó rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ń pe Hopper ní ìyá COBOL. Sammet kò gbà bẹ́ẹ̀. Hopper kò sí lára ìgbìmọ̀ tó kọ COBOL. FLOW-MATIC, èdè tí Hopper àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ṣe ṣáájú, ni COBOL fà nǹkan púpọ̀ yọ láti inú rẹ̀. Nítorí náà, nínú àpérò kan náà, ẹni tí ayé ń pè ní ìyá wà níbẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrá ìbímọ gan-an sì ni alága. Ìtàn COBOL tí Sammet kọ fún àpérò náà ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà kí a tó gba ti íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́.

Kí n má gbàgbé o: COBOL yìí, wọ́n ti ra òkúta sàréè fún un kí ó tó dàgbà. Howard Bromberg, tó ń ṣiṣẹ́ ní RCA, ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà sú nítorí bó ṣe ń falẹ̀. Ó lọ ra òkúta sàréè, ó ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ COBOL sí i lára, ó sì fi ránṣẹ́ sí Charles Phillips ní Pentagon, ẹni tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà. Òkúta yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní Mountain View, California. COBOL ṣì ń ka owó ní báńkì kiri.

FORTRAN náà ní tirẹ̀. John Backus sọ pé nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní IBM láti 1954, ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa parí, èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: ó ku oṣù mẹ́fà. 1957 ló tó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti bá télọ̀ ṣe àdéhùn aṣọ ọdún rí kò ní bi mí pé ṣé òótọ́ ni.

John McCarthy sọ ti LISP, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní 1958. Ó ní òun kọ nǹkan kan tó ń jẹ́ eval sínú bébà, kí àwọn onímọ̀ lè kà á ni, kì í ṣe kí ẹ̀rọ ṣe é. Steve Russell tó ń bá a ṣiṣẹ́ wò ó, ó rí i pé ẹ̀rọ lè ṣe é, ó sì fọwọ́ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí LISP ṣe di èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́ nìyẹn. Ta ni ì bá sọ èyí fún wa bí kì í bá ṣe McCarthy fúnra rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ALGOL ni ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa, nítorí èdè yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ní 1958, ará Amẹ́ríkà mẹ́rin àti ará Yúróòpù mẹ́rin pàdé ní Zürich láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1960, àwọn mẹ́tàlá jókòó ní Paris láti parí rẹ̀, Peter Naur, ará Denmark, sì ni olóòtú ìwé tó ṣàlàyé èdè náà fún ayé. Ọmọ kan, bàbá mẹ́tàlá. Ta ni kí wọ́n pè wá sọ ìtàn?

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí àpérò náà ṣe kò jìnnà sí i. Wọ́n ní kí Alan Perlis sọ ti apá Amẹ́ríkà, kí Naur sọ ti apá Yúróòpù. Nígbà tí àwọn yòókù sì ka ohun tí Naur kọ, ara kò gba gbogbo wọn. F. L. Bauer àti Klaus Samelson, ará Jámánì méjèèjì tó ti wà níbẹ̀ láti Zürich, kọ ọ̀rọ̀ tiwọn nípa bí nǹkan ṣe lọ. Wọn ò fi pamọ́, wọn ò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un kúrò. Ẹ̀yìn iṣẹ́ Naur gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, nínú ìwé kan náà. Ẹ bá mi wo ọjọ́ rẹ̀: 1980 ni Samelson kú, ìwé àpérò náà, tí Richard Wexelblat jẹ́ olóòtú rẹ̀, sì jáde ní 1981. Ká ní wọ́n ti sún un síwájú ọdún mélòó kan, ẹ̀rí ọkùnrin yẹn kò ní sí níbẹ̀.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ àti gígé e, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni pé wọn kò tẹ bébà nìkan. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè àwọn tó jókòó àti ìdáhùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibi ìbéèrè ni ènìyàn ti máa ń gbàgbé ohun tó ti múra sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé ní Cambridge, Massachusetts, ní 1993. Níbẹ̀ ni Dennis Ritchie ti sọ ìtàn èdè C, tó sì jẹ́wọ́ ibi tí ètò èdè náà kò dára tó, àwọn àléébù tí wọ́n fi sílẹ̀ kí àwọn kóòdù tó ti wà tẹ́lẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó kú ní 2011, nínú oṣù kan náà pẹ̀lú McCarthy. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ará Norway tó ṣe SIMULA, tí wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀ fún ti 1978, wọ́n kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn ní 2002. Joe Armstrong sọ ti Erlang ní 2007, ó kú ní 2019. Sammet fúnra rẹ̀ kú ní 2017. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn wà nílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ti 2007, ní San Diego, ni ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ti jáde, láti Brazil. Ìjọba ibẹ̀ ti sé ọ̀nà mọ́ ọjà kọ̀ǹpútà òkèèrè láti 1977 sí 1992. Fásitì PUC-Rio ní Rio de Janeiro ń ṣiṣẹ́ fún Petrobras, iléeṣẹ́ epo ìjọba, wọn kò sì lè kàn dìde kí wọ́n lọ ra irinṣẹ́ láti òkèèrè. Wọ́n ṣe tiwọn. Èdè kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ń jẹ́ SOL, èyí tí í ṣe oòrùn ní èdè Potogí. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó dára jù ú lọ ní 1993, wọ́n sọ ọ́ ní Lua, òṣùpá. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes, ni wọ́n jọ kọ ìtàn náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun nìkan ni èdè tó ti orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde jáde tí gbogbo ayé wá ń lò. Àbúrò yín tó ń ṣe Roblox, ọmọ Lua ló wà lábẹ́ géèmù yẹn.

London ni ó yẹ kí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ti wáyé ní 2020. Kòrónà dé. Wọ́n tẹ àwọn iṣẹ́ náà jáde lọ́dún yẹn, wọ́n sì ṣe àpérò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2021. Níbẹ̀ ni Brendan Eich àti Allen Wirfs-Brock ti sọ ti JavaScript ní nǹkan bí 190 ojúewé. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni Eich fi ṣe é ní oṣù karùn-ún ọdún 1995. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kò ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ìjà ogún ọdún lórí bí èdè náà ṣe máa rí ló gba ìyókù ìwé.

Àpérò yìí ní ibi tó kù sí o. Ẹni tó ṣe nǹkan ló ń sọ ọ́, ẹni tó bá sì ń sọ tirẹ̀ mọ ibi tí òun máa yára kọjá. Ẹni tí kò lè kọ bébà gígùn kì í débẹ̀. Python kò tíì ní ìtàn níbẹ̀, Java pẹ̀lú. Yorlang ńkọ́, èdè kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa kan fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe, tí ènìyàn ń kọ "jẹ́kí" àti "sọpé" sínú kóòdù? Kò dìgbà tí a bá pè é sí San Diego kí ẹnìkan tó gbé máìkì sí i lẹ́nu. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tí mo fẹ́ wá rí.

Ọ̀fẹ́ ni àwọn iṣẹ́ ti 2020 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ti Lua ti 2007. Kò gùn, èdè tó sì fi kọ ọ́ rọrùn, ẹ ó kà á tán kí bọ́ọ̀sì tó jáde nínú gosíló.