Òfin Tí Wọ́n Ṣe Nítorí Okùn: Ẹjọ́ Allen Iverson ní Hampton

Tí ẹ bá bi púpọ̀ nínú wa pé ta ni Allen Iverson, irun dídì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni bó ṣe máa ń fi bọ́ọ̀lù tan èèyàn: onítọ̀hún á gba ọ̀tún, òun á ti gba òsì kọjá. Ọkùnrin kúkúrú ni láàárín àwọn òmìrán NBA. Kúkúrú tibẹ̀ là ń sọ o, nítorí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kì í ṣe kúkúrú ládùúgbò wa. Òun ni ẹgbẹ́ Philadelphia 76ers kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ọdún 1996, òun náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní NBA ní 2001.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, adájọ́ kan ti sọ pé kó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi mú un jẹ́ irú èyí tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn fara balẹ̀ wò, nítorí inú ìtàn okùn àti igi ló ti jáde wá.

Etí omi ni ìlú Hampton wà, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ibẹ̀ náà, ní Point Comfort, ni wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n jí gbé láti Àǹgólà gúnlẹ̀ sí ní 1619, àwọn àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ wà fún ní Virginia ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1993, dúdú àti funfun ti jọ ń gbé ibẹ̀, wọ́n jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì jọ ń pariwo orúkọ Iverson lórí pápá. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ń lọ sí Bethel High School. Ó ti ṣáájú ẹgbẹ́ futibọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ náà gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1992. Futibọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà là ń wí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Àwọn yunifásítì ti ń dọdẹ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1993, Iverson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré bowling, tí wọ́n ń pè ní Circle Lanes. Ariwo wọn pọ̀, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rọ̀ di gbas-gbos láàárín wọn àtàwọn aláwọ̀ funfun kan. Àwọn ọmọ náà ní èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló dá ìjà sílẹ̀, ẹgbẹ́ kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Obìnrin kan fara gbọgbẹ́ lórí, àwọn míì náà sì fara pa. A ò ní fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹni tí wọ́n la àga mọ́ lórí kò ní kó máa gbọ́ pé ìtàn ni wá ń kọ.

Dúdú àti funfun ló jà. Nígbà tí ọlọ́pàá mú èèyàn tán, àwọn mẹ́rin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, dúdú sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀sùn wo? Èrò ẹnikẹ́ni ni pé á jẹ́ ìjà ìgboro, ẹ̀sùn kékeré tí wọ́n máa fi owó ìtanràn tàbí ìkìlọ̀ parí fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Rárá o. Wọ́n ní kí wọ́n ṣẹjọ́ Iverson bí àgbàlagbà, lórí ẹ̀sùn pé ó wà nínú agbo oníjàgídíjàgan tó ṣe èèyàn léṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbé ẹ̀sùn yìí kà á lọ́rùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí ogún ọdún.

Ibi tí òfin yẹn ti wá ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀.

Láyé ọjọ́un ní gúúsù Amẹ́ríkà, èrò a máa kó ara wọn jọ, wọ́n á lọ fa ẹni dúdú tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jáde látinú àtìmọ́lé, wọ́n á so ó rọ̀ tàbí kí wọ́n yìnbọn pa á, láìsí ìdájọ́ kankan. Lynching ni wọ́n ń pè é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń pa èèyàn, tí kò fi ní sí ẹyọ ọwọ́ kan tí wọ́n máa rí dè. Bí olùwádìí ikú bá dé, ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni pé àwọn tí a kò mọ̀ ló pa á. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n o. Ta ló fa okùn? Kò sẹ́ni tó rí i.

Ní 1926, ní Wytheville ní Virginia, èrò wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ pa Raymond Bird. Ní oṣù Kọkànlá 1927, wọ́n fa Leonard Woods jáde kúrò lẹ́wọ̀n ní Kentucky, wọ́n sì lọ pa á lójú ààlà Kentucky àti Virginia, ibi tí ìpínlẹ̀ méjèèjì ti lè máa ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn lọ́rùn. Ẹnì kan wà tí kò gbà kó lọ bẹ́ẹ̀: Louis Jaffé, olóòtú ìwé ìròyìn Virginian-Pilot ní Norfolk, ìlú tó kọjú sí Hampton ní òdìkejì omi. Ó kọ̀wé, ó kọ̀wé, ó ń ta gómìnà Harry Byrd jí, títí Virginia fi ṣe òfin tó dojú kọ lynching ní 1928. Wọ́n fún Jaffé ní àmì ẹ̀yẹ Pulitzer ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin náà ní gbogbo ẹni tó bá kó ara wọn jọ pẹ̀lú èrò láti lu èèyàn, agbo oníjàgídíjàgan ni wọ́n. Ohun tí agbo náà bá sì ṣe, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ̀bi rẹ̀. Ìjọba kò ní máa wá ẹni tó fa okùn kiri mọ́. Bó o bá wà níbẹ̀, tó o sì bá wọn lọ́wọ́ sí i, o ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Lójú tiwa, òfin tó dára gan-an ni. Kìkì pé kò sí aláwọ̀ funfun kankan tí wọ́n fi òfin yìí dá lẹ́bi rí pé ó bá wọn lynch èèyàn dúdú.

Ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn náà, òfin kan náà jí lára àwọn ọmọ dúdú mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ jíròrò ẹjọ́ yìí máa ń béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò kàn sọ pé àwọn gbèjà ara wọn? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn. Ní Virginia, ẹni tí kò lẹ́bi kankan nínú bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ lè dúró síbi tó wà, kó sì gbèjà ara rẹ̀. Bí ẹ̀bi díẹ̀ bá wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn dé ibi tó lè fà sẹ́yìn dé, kó jẹ́ kó hàn pé òun fẹ́ àlàáfíà. Èébú nìkan, bó ti wù kó ta síni lára tó, kò tó láti gbọ́wọ́ sókè. Ẹni tó bá sì ní òun gbèjà ara òun ti fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun lu èèyàn.

Ohun tí Iverson sì sọ ni pé òun kò lu ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n ti mú òun jáde nígbà tí àga ń fò. Ó tún bi wọ́n pé irú èèyàn wo ló máa la àga mọ́ obìnrin lórí níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ká ìjà náà sórí fídíò, fídíò yẹn kò sì fi Iverson hàn níbi tó ti ń lu èèyàn. Àwọn ẹlẹ́rìí kan sọ pé àwọn rí i. Nínú ẹjọ́ ìjà lásán, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá dá lé: ta ló ṣe kí ni fún ta, ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Òfin agbo ló bo ìbéèrè yẹn mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ti lè sọ pé agbo wà, tí ìwọ sì wà nínú agbo, ọwọ́ ẹlòmíì ti di ọwọ́ rẹ. Àwa tí a mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń kó gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, a mọ irú ìṣirò yìí dáadáa.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ọmọ náà ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹta 1993, pẹ̀lú ẹjọ́ lọ́rùn, ó tún ṣáájú Bethel gba ife básíkẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀.

Adájọ́ nìkan ló gbọ́ ẹjọ́ náà, láìsí ìgbìmọ̀ ará ìlú, ó sì ní Iverson jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dá fún un, ó fi mẹ́wàá rọ̀, márùn-ún ló kù láti ṣe. Wọ́n gbé e lọ sí City Farm, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Newport News. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń pè é tẹ́lẹ̀ dákẹ́ lójijì. Hampton pín sí méjì. Steve James, ọmọ ìlú náà tó di olùṣe fíìmù, padà lọ síbẹ̀ láti ṣe fíìmù nípa ẹjọ́ yìí, èyí tó jáde ní 2010, ó sì bá a pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta àwọn èèyàn lára.

Gómìnà Virginia nígbà náà ni Douglas Wilder, ọmọ-ọmọ ẹrú, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Sáà rẹ̀ ti ń lọ sópin. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1993, ó ṣàánú Iverson lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i: kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kankan títí yóò fi parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù fún Bethel mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ míì, tó wà fún àwọn ọmọ tí ìṣòro dá dúró, ló ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Ann, ló lọ bá John Thompson, akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì Georgetown, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọmọ òun. Thompson gbà á. Bí Iverson ṣe wọ yunifásítì ní 1994 nìyẹn, pẹ̀lú ìdájọ́ yẹn lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Georgetown lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Villanova, àwọn kan láàárín èrò ìwòran gbé pátákó tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ẹjọ́ rẹ̀ bú u dání. Thompson ní ẹgbẹ́ òun kò ní gbá a lọ àfi tí wọ́n bá kó pátákó wọ̀nyẹn kúrò.

Ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Virginia tó fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Òfin agbo oníjàgídíjàgan ṣì wà nínú ìwé òfin Virginia títí dòní.