Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Láti Oko Ẹ̀gẹ́ Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn ẹ̀gẹ́ àti ti kọ̀ǹpútà jẹ́rìí sí i.

Ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, bí ó ti rí jákèjádò ilẹ̀ Ìgbómìnà, àgbẹ̀ kì í gbin hóró ẹ̀gẹ́. Igi rẹ̀ ni ó ń gé, tí ó ń rì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tuntun kò yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ohun tí ó bá lè pa ọ̀kan lè pa ẹgbẹ̀rún.

Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà yọ sí ilẹ̀ Kóńgò. Kò ní ọ̀tá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà, tí ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iṣu àti àgbàdo ni ààbò àgbẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìdarí Hans Herren, gba agbọ́n kékeré kan tí ń pa kòkòrò náà láti Paraguay. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Bí igi ẹ̀gẹ́ ni sọ́fúwíà rí: ẹ̀dà kan náà ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ní 2003, onímọ̀ méje, tí Dan Geer wà lára wọn, kìlọ̀ pé Windows tí ó gba gbogbo ayé kan léwu. Geer pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò WannaCry ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Àwọn ilé ìwòsàn ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, kì í ṣe ọ̀tá ló dé. Àtúnṣe tí kò péye láti ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ló dá nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò lo Windows kò fara gbá a.

Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ kan náà rọrùn láti kọ́ni àti láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó fi gbogbo èsì ìdánwò sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo dà bí oko tí kò ní ju ẹ̀gẹ́ lọ. Kí ẹ̀dà mìíràn wà níbòmíràn, kí ìwé àfọwọ́kọ sì wà pẹ̀lú. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni, kò sì tíì gbó.