Ààlà Ọdún 1936 àti Ìnáwó Ìgbé-ayé: Ọ̀pin ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti Ọ̀tùn ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀tùn sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Mọ̀bà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀ka-èdè àwọn ará ibẹ̀ kò jìnnà síra, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, iyán sì ni olórí oúnjẹ níhà méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbé-ayé ti rọrùn jù nínú àwọn méjèèjì, ọjà nìkan kò lè dá wa lóhùn. Ó di dandan kí a yẹ ìtàn ààlà tí ó wà láàárín wọn wò.

Kì í ṣe àwọn baba ńlá wọn ni ó fa ààlà náà. Agbára Ìlọrin ti dé apá ilẹ̀ yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí tí ogun Kírìjì fi tú ká pátápátá ní 1893. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ sí Àríwá àti Gúúsù ní 1900, abẹ́ Ìlọrin ni wọ́n fi Ọ̀tùn, Ọ̀pin àti Ọ̀sì sí. Ara Ọọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn kò gbà á, nítorí ọ̀kan pàtàkì ni ó jẹ́ nínú àwọn ọba aládé Èkìtì. Ẹ̀bẹ̀ àti àtakò kò dáwọ́ dúró títí di 1936, nígbà tí ìjọba dá Ọ̀tùn padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì ní Gúúsù. Ọ̀pin àti Ọ̀sì kò bá wọn lọ. Ìgbìmọ̀ Willink tún yẹ ọ̀rọ̀ ààlà Ìlọrin wò ní 1957 sí 1958, ṣùgbọ́n kò dá a lábàá pé kí wọ́n sún un.

Lẹ́yìn 1936 ni ìyàtọ̀ wá hàn gedegbe. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀tùn jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀pin, tí ó wà ní Ẹkùn Àríwá, kò jẹ. Ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ni ó tó kàn án. Ọdún mọ́kànlélógún ni èyí, ó tó kí ẹni tí wọ́n bí ní 1955 fi di òbí. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán: owó-orí tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi níbẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé àpò gbogbo ìlú ni owó náà ti jáde. Ní ìhà kejì, owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn bàbá àti ìyá ọmọ, àfi ibi tí ìjọ Kírísítẹ́nì bá ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ náà tún yọjú láàárín 1979 sí 1983, nígbà tí Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin sọ ẹ̀kọ́ girama àti ìtọ́jú àìsàn di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Ọ̀tùn wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1996 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó dá dúró.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò bọ̀wọ̀ fún ààlà yìí rárá. George Báńdélé, ọmọ Aréógun, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére ti Ọ̀sì, bá Fadá Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti nǹkan bí 1947. Níbi tí iṣẹ́ wà ni ó gbà lọ.

Bí a bá wo iye ènìyàn, ìkànìyàn 2006 fi hàn pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tó mílíọ̀nù 2.4. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kwara fẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti Èkìtì. Iye ènìyàn kan náà, ọ̀nà tí ó gùn ju ti ẹnìkejì lọ fíìfíì láti tún ṣe! Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara ní 54,850 ènìyàn péré, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà, Ìlọrin sì jìnnà sí wọn. Kò yani lẹ́nu bí ohùn wọn kò bá ròkè.

Ìṣirò òṣì ti Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2020 lè mú kí ènìyàn rò pé Kwara ló sàn jù: 20.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni tálákà níbẹ̀, 28.04 ní Èkìtì. Owó tí ènìyàn ń ná ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n lo òṣùwọ̀n tí ó ka ẹ̀kọ́, ìlera, omi àti ilé mọ́ ọn ní 2022, Èkìtì ni ó sàn ju Kwara. Èyí bá ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ tí a sọ lókè mu, ó sì tún fi hàn pé ilẹ̀ oko tó pọ̀ kì í gbẹnu ilé-ẹ̀kọ́ àti omi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. A kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbàgbé pé Ìlọrin wà nínú iye ti Kwara. Ẹni tí ó bá fi iye náà ṣàpèjúwe Ọ̀pin ti ṣì í lò.

Ní ti owó oṣù, kò sí ìyàtọ̀ kan pàtàkì mọ́. ₦30,000 ni òfin àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2019 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 ní 2024. Láàárín méjèèjì ni ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí iye owó jálá kan sì fò kọjá ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ìgbèríko, oúnjẹ tí a gbìn kò wọ́n lóko. Gbígbé e dé ọjà ló ń gbówó lórí. Ohun tí a kò gbìn, bí oògùn, ajílẹ̀ àti ìwé ọmọ, ọkọ̀ ló ń gbé e wá, owó ọkọ̀ náà sì ń wà lórí rẹ̀.

Àǹfààní tí ó ṣẹ́kù fún Ọ̀pin ni ilẹ̀ náà. Ìyẹn pẹ̀lú ti ń bọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, wọ́n pa Olúkòró ti Kòró láàfin rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n kọlu àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Igbó tí wọ́n ń gbà kò mọ ibi tí Kwara parí sí. Oko ẹ̀tílé nìkan ni àgbẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà lè dá, oko ẹ̀tílé kò sì tó bọ́ ilé kí ó tún ṣẹ́kù fún títà, yálà ní Ọ̀pin tàbí ní Ọ̀tùn.