Òṣómàáló: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà Ti Ṣe Kọ́ Òwò

Àwọn òpìtàn ti sọ púpọ̀ nípa ogun Kírìjí, ṣùgbọ́n òwò tí ó tẹ̀lé ogun náà kò rí ẹni sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1893 ni àgọ́ ogun tú. Ní 1907 ọ̀nà reluwé dé Òṣogbo, ibi tí kò jìnnà ju nǹkan bí máìlì 20 lọ sí Iléṣà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ru aṣọ òyìnbó lọ sí abúlé àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń tà á láwìn.

Láti ẹnu wọn ni orúkọ òṣómàáló ti jáde: òṣó ni àwọn yóò ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú líle yìí ni gbogbo ọgbọ́n òwò náà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ibi tí ó ti tàwìn ni ó ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Mímọ ènìyàn ni ọgbọ́n òwò náà, a kì í sì í dá a kọ́. Ọmọ-iṣẹ́ a máa ru ẹrù tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, a máa há orúkọ onígbèsè àti iye tí ó kù lọ́rùn wọn sórí. (Àwa olùkọ́ ì bá rí irú iyè bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì wa!) Yóò kọ́ pé ìgbà kòkó ni owó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, àti pé iye owó àwìn gbọ́dọ̀ ju ti ọwọ́-lọ́wọ́ lọ, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń san án.

Bí ọ̀gá bá dá a sílẹ̀ tòun ti owó tàbí aṣọ díẹ̀, ẹ̀kọ́ kò tíì tán. Àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà kan náà wá di olùkọ́ rẹ̀. Bí onígbèsè bá sá mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, àwọn yòókù yóò gbọ́. Àdánù ẹnìkan di ẹ̀kọ́ gbogbo wọn. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá sì kó owó ọ̀gá jẹ, ìròyìn lè ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí ó ń sá lọ.

Àléébù kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí gbogbo olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ aláṣọ, aṣọ nìkan ni yóò mọ̀. Lójú tiwa, àwọn tí wọ́n tún bá awakọ̀, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn tí ń ra kòkó rìn ni ọ̀nà mìíràn ṣí fún. Èrè aṣọ ni wọ́n fi wọ inú òwò kòkó àti ti ọkọ̀ akẹ́rù, òun náà ni wọ́n sì fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Iléṣà.