Ta ni ó Ń Yan Ohun Inú Ọkọ̀? Ìtàn Ọkọ̀ Tuntun Rírà ní Ìgànmú àti Agbègbè Rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ ọtí tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949, àti Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè tí ìjọba kọ́ de àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi mọ Ìgànmú, ṣùgbọ́n àdúgbò náà ní ìtàn mìíràn tí a kì í sábà sọ, èyí ni ìtàn ọkọ̀ rírà. Orílé-Ìgànmú wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀nà yìí kan náà ni ó gba Mile 2 kọjá dé Ọ̀jọ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen nígbà kan rí, èbúté Àpápá tí ọkọ̀ òkè òkun ń gúnlẹ̀ sí kò sì jìnnà rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó fẹ́ wọ ìlú láti ibi méjèèjì yìí ni ó ń gba Ìgànmú kọjá. Ìbéèrè tí ó so ìtàn náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di àsìkò ọkọ̀ oníná mànàmáná ni ti ẹni tí ó ń yan ohun inú ọkọ̀, ìyẹn àwọn ohun tí kì í ṣe ọranyàn kí ọkọ̀ tó lè rìn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ bí yóò ṣe wúlò tó fún olówó rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ti tóbi tó, irú jíà tí ó ní, ẹ̀rọ amúlétutù, àga, àti, lóde òní, ìwọ̀n bátìrì àti bí ó ṣe ń gba iná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, nígbà tí oníṣòwò bíi W. A. Dawodu ń kó ọkọ̀ wọ Èkó, tí Ìyáàfin Charlotte Olajumoke Obasa sì dá iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Anfani sílẹ̀ ní ọdún 1913, ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kì í sábà ra odindi ọkọ̀. Ṣàsíì ni ó ń rà, èyí tí í ṣe egungun irin tí a gbé ẹ́ńjìnnì, jíà àti táyà lé, tí kò ní ilé, tí kò ní àga, tí awakọ̀ lè gbé àpótí lé lórí kí ó jókòó lé e, kí ó sì wà á kúrò ní ọgbà oníṣòwò lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà. Káfíńtà ni yóò fi pákó kọ́ ilé sí i lára. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a wá ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, nítorí pé èrò ń jókòó kojú ara wọn, orúnkún ń gbá orúnkún, ìjà kò sì jìnnà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí káfíńtà yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọgbọ́n àṣàyàn ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Olówó ọkọ̀ ni ó ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yóò ṣe ga tó, torí pé ẹ̀gbẹ́ tí ó gba àpò kòkó kọ́ ni ó gba ìyá ọlọ́jà; òun ni ó ń sọ bóyá bẹ́ǹṣì yóò ṣe é yọ tàbí kí a kàn án mọ́lẹ̀ pátápátá, bóyá tapólì ni yóò bo orí rẹ̀ tàbí pákó, irú ọ̀dà tí a ó fi kùn ún, àti ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí iwájú orí rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán nínú wọn, àní ọ̀rọ̀ iwájú orí pàápàá, tí èrò fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ ní gáréèjì. Bẹ́ǹṣì kan lé e túmọ̀ sí owó èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún lé e, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí sípíríǹgì tí yóò tètè kán lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, olówó ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí àpò rẹ̀ lè gbà. Òyìnbó ni ó ta ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ará ilé, tí ó mọ ọ̀nà àti ẹrù, ni ó yan gbogbo ìyókù.

Ní òkè òkun, ọ̀nà mìíràn ni nǹkan gbà. Henry Ford, tí ó gbé Model T jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, kò fi àyè àwọ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà láti ọdún 1914 sí 1925. Dúdú nìkan ni ó ń kùn, kí iṣẹ́ lè yá kí owó ọkọ̀ sì lè wálẹ̀. General Motors lábẹ́ Alfred Sloan ni ó dojú rẹ̀ dé, tí ó ń ta ọkọ̀ ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí àpò oníkálukú ṣe rí, láti ibẹ̀ sì ni àṣà pé kí oníṣòwò na ìwé àfikún gbọọrọ síwájú oníbàárà ti gbilẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ oníná mànàmáná ti wà: ní nǹkan bí ọdún 1900, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń lo bátìrì, títí tí epo fi pọ̀ tí ó sì dínwó, tí ẹ̀rọ ìtanná tí Charles Kettering ṣe sínú Cadillac ní ọdún 1912 sì gba awakọ̀ lọ́wọ́ fífi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí ó tó jí. Èkó kò kópa nínú ìdíje náà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ó ná Ìddó sí Erékùṣù láti ọdún 1902 sí 1933, èéfín omi gbígbóná ni ó ń lò, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ìjọrà, tí ó múlé gbe Ìgànmú, ti ṣí ní ọdún 1923, tí ó ń fi èédú Enugu ṣiṣẹ́. Ilé, òpópónà àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni iná rẹ̀ wà fún.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé, tísà àti oníṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Mandilas ń ta Volkswagen, SCOA ń ta Peugeot. Volkswagen ni àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo, ìdí tí wọ́n sì fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ju ohun tí kò ní lọ: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò ní rẹ́díétọ̀, nítorí náà kò sí omi tí yóò hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tí ó yan Ìjàpá yan àìní kan pàtó, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ọdún 1972 mú àṣàyàn tí ẹnikẹ́ni kò lè sá fún wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà, Nàìjíríà fi apá òsì ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún bíi ti Dahomey, Togo àti àwọn aládùúgbò yòókù, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún sì di ohun tí ó ń ni awakọ̀ lára láti fi yọrí ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yẹn kan náà ni owó àjẹmọ́nú Udoji bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀pọ̀ fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé wọn. Oríṣi Peugeot 504 tí ó wà kò ju mélòó kan lọ, GL, GR àti SR, lẹ́tà méjì ẹ̀yìn ọkọ̀ sì tó láti sọ ipò ẹni tí ó wà á. Láti Ọ̀jọ́ ni ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Igala ti jáde, ọkọ̀ Brazil tí orúkọ rẹ̀ ń dún bí orúkọ ẹran igbó létí Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń yàn nígbà náà. Oníbàárà tí ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ tí ó sì ń dúró de ìpín rẹ̀ kì í jiyàn lórí àwọ̀ àga, kò sì yẹ kí a bú u fún un, nítorí pé ọkọ̀ tí a tò nílé, tí páàtì rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà, tí mẹkáníìkì gbogbo sì mọ inú rẹ̀, níye lórí ju bọ́tìnnì mẹ́wàá lọ.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, tí a mọ̀ sí SAP, ni ó fòpin sí àsìkò yìí. Náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá ohun tí owó oṣù lè ká, iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ sì dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tòkunbọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé, tí ó wá di orúkọ ọkọ̀ àlòkù tí ó gba orí omi wọlé. Ẹni tí ó yan ohun inú tòkunbọ̀ ni àjèjì kan ní Jámánì, Belgium tàbí Amẹ́ríkà, tí ó rà á ní tuntun, tí ó sì ro ti òtútù àti yìnyín ìlú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí bọ́tìnnì àga-tí-ń-gbóná wà nínú rẹ̀ ṣe dé Èkó nìyẹn, níbi tí oòrùn ti ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Oníṣòwò ọkọ̀ ní Berger, lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, sì wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìpolówó pé ọkọ̀ òun jẹ́ fúlú ọ́pṣọ̀n, ìyẹn ni pé gbogbo àfikún tí ilé-iṣẹ́ lè fi sí i ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í dá lọ síbẹ̀. Mẹkáníìkì ń bá a lọ, ríwáyà tí ó mọ wáyà ọkọ̀ sì ń bá a lọ. Mẹkáníìkì yóò fa ọ̀pá ìwọn-epo yọ, yóò gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jó, yóò ṣí rẹ́díétọ̀ wò bóyá epo ti dàpọ̀ mọ́ omi. Ríwáyà yóò tan amúlétutù sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, yóò tẹ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí iná pupa kan bá kọ̀ láti kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà yóò ti yí padà. Lójú ríwáyà, fúlú ọ́pṣọ̀n kì í ṣe ìyìn ní gbogbo ìgbà, nítorí pé bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, wáyà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí yóò já.

Ìpele tó tẹ̀ lé e tún bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀jọ́. Ní ọdún 2020, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń to Ìjàpá rí, ilé-iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná mànàmáná jáde, tí bátìrì rẹ̀ gba yúníìtì 64, irú yúníìtì tí a ń rà sínú mítà ilé, tí wọ́n sì sọ pé ó lè rìn tó kìlómítà 480 kí ó tó tún gba iná. Ní ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn tí Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná, ọkọ̀ ojú irin oníná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Màrínà, kìlómítà 13. Méjì nínú ibùdó rẹ̀ márùn-ún ni ó wà ní Ìgànmú, ọ̀kan ní Orílé, èkejì, tí ó ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré. Ọdún yẹn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ni ìjọba kéde pé òun kò ní í bá ará ìlú san lára owó epo mọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í mu epo sì kúrò ní àlá olówó nìkan.

Àfikún ọkọ̀ oníná mànàmáná pọ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ojú káfíńtà bọ̀lẹ̀kájà wò ó. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n bátìrì. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Ìgànmú sí Yábàá àti Màrínà lọ kò nílò bátìrì tí yóò gbé e dé Ìlọrin. Ẹrù lásán ni ó ń gbé kiri, bí olówó bọ̀lẹ̀kájà tí ó kan bẹ́ǹṣì àṣejù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí ọkọ̀ ṣe ń yára gba iná. Sókẹ́ẹ̀tì lásán inú ilé kò lè fún un ju nǹkan bíi yúníìtì mẹ́ta lọ ní wákàtí kan, nítorí náà bátìrì yúníìtì 64 yóò gbà ju wákàtí 21 lọ kí ó tó kún. Ẹ̀rọ ara ògiri tí ó ń fúnni ní yúníìtì méje yóò parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ní ilé tí iná kì í ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́, sókẹ́ẹ̀tì yóò fúnni ní yúníìtì 18, ẹ̀rọ ara ògiri yóò fúnni ní 42, bí bátìrì ìbáà ti tóbi tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n sọ yúníìtì kan di ₦225 fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí ogún lóòjọ́ fún, ìkún kan bátìrì yìí jẹ́ ₦14,400.

Ooru ni ó tẹ̀ lé e. Bátìrì Nissan Leaf, tí ó jáde ní ọdún 2010, kò ní omi tí ń tù ú, nígbà tí ó sì di ọdún 2012, àwọn tí ó ń wà á ní ilẹ̀ gbígbóná Arizona rí i pé agbára rẹ̀ ń tètè dínkù. Ẹni tí ó ń gbé Èkó gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ń tu bátìrì lára kí ó tó béèrè nípa ẹ̀rọ rédíò. Bátìrì tí a fi irin àti fọ́sféètì ṣe, tí a ń pè ní LFP, wúwo díẹ̀ ju èyí tí a fi nikẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru àti ìkún ìgbà gbogbo jù ú lọ. Ẹ̀rọ tí ń fa ooru afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀, tí àwọn ará Yúróòpù ń sanwó gidi fún nítorí òtútù, kò ní iṣẹ́ tí ó tó owó rẹ̀ níbí, àga-tí-ń-gbóná kò sì tíì ní láti ìgbà tòkunbọ̀. Àfikún tí ó yẹ kí ará Ìgànmú sanwó fún ni èyí tí ń jẹ́ kí ọkọ̀ dá iná padà sí ilé: Ioniq 5 ti Hyundai lè gbé nǹkan bíi kílówáàtì 3.6 jáde, tí ó tó fún fíríìjì, fáànù àti gílóòbù lálẹ́ tí iná bá lọ. Ẹnu ibi tí iná ń gbà wọlé kò sì gbọ́dọ̀ di ìfojúfò, nítorí pé ti China kì í ṣe ti Yúróòpù, ti Japan àti ti Amẹ́ríkà sì tún yàtọ̀. Ọ̀ràn sítíárìn ọdún 1972 ni ó padà wá.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná mànàmáná ní Ìgànmú tó wọ ọgbà oníṣòwò, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ wákàtí tí iná fi wà nílé rẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀, kí ó pe oníwáyà kí ó wò ó bóyá wáyà ilé náà lè gbé ẹ̀rọ yúníìtì méje, kí ó sì mú ìwé náà dání lọ.